Heinrich Barth, ọ̀mọ̀wé tó jókòó ti àwọn ọlọ́jà kó lè mọ ọjà

Ẹni tó bá dé ọjà Arzèkè nílùú Parakou ní àárọ̀ kùtù yóò rí i pé ìmọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ẹrù tó wà lórí àtẹ lọ. Ìyá tó ń ta gàrí mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù yóò dé. Alágbàtà iṣu mọ ohun tí owó iṣu yóò dà bí òjò bá pẹ́. Ẹni tó ń ra káṣú mọ ìgbà tí owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀, ẹni tó sì ń kó ẹrù láti Malanville mọ ohun tí àwọn èèyàn yóò béèrè bí ọdún Iléyá bá ku oṣù kan. Kò sí ẹni tó kọ gbogbo èyí sínú ìwé fún wọn. Inú orí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Nínú ìlú kan náà, Yunifásítì Parakou wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2001. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ètò ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á mú bébà àti bíírò wá sọ́jà, wọn á máa béèrè pé: èló lẹ rà á, èló lẹ tà á, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á? Àwọn ọlọ́jà kan á dáhùn. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ àwọn dí, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé owó orí ni wọ́n fẹ́ fi ìbéèrè náà wá. Àwọn mìíràn á béèrè pé, bí àwọn bá tilẹ̀ sọ ọ́, kí ló máa ti ibẹ̀ jáde fún àwọn?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tòní. Ọkùnrin kan wà tó fi ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ rìn káàkiri aṣálẹ̀ Sàhárà àti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tó ń bi àwọn oníṣòwò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Heinrich Barth lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Ó kú lọ́dún 1865, àmọ́ títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà Kánò ṣe rí kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa, ìwé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí. Ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa ní ohun tó dára nípa bí ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́jà ṣe lè jókòó pọ̀. Ó tún fi hàn wá ibi tó ti lè di ewu.

ỌMỌ ONÍṢÒWÒ TÓ LỌ SÍLÉ ÌWÉ

Ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1821 ni wọ́n bí Barth nílùú Hamburg. Etí omi ni ìlú náà wà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù sílẹ̀ láti gbogbo ayé, bí Cotonou ṣe rí fún wa lónìí. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Nítorí náà, láti kékeré ni ọ̀rọ̀ èrè àti àdánù ti ń ta sí i létí.

Àmọ́ ìwé ni ọmọ náà fẹ́. Ó lọ sí Yunifásítì Berlin, níbi tí Carl Ritter, olùkọ́ nípa ilẹ̀ ayé tí òkìkí rẹ̀ kàn gan-an, ti kọ́ ọ. Lọ́dún 1844 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ wo ohun tó fi gba oyè náà: ó kọ ìwé lórí òwò ìlú Kọ́ríńtì àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìsì, Kọ́ríńtì tí àwọn onígbàgbọ́ ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì. Ọlọ́jà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ti kú láti nǹkan bí ẹgbàá ọdún. Kò sí èyí tó lè bi léèrè nínú wọn.

Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi jókòó sílé. Láàárín ọdún 1845 sí 1847, ó rìn yí gbogbo etí òkun Mẹditaréníà ká, láti Mòrókò títí dé Íjíbítì, ó sì kọjá lọ sí ilẹ̀ Síríà àti Tọ́kì. Àwọn dánàdánà dá a lọ́nà nítòsí ẹnubodè Íjíbítì, wọ́n yìnbọn lù ú, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó rù ú là. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń gbọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa sí i.

Nígbà tó padà sí Berlin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wá. Ó mọ̀wé, kò mọ̀rọ̀ í dùn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ara rẹ̀ le. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn lè sọ pé ìmọ̀ rẹ̀ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

ÌRÌN ÀJÒ TÍ ÒWÒ ẸRÚ FÀ

Ní àsìkò yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀nà láti dá òwò ẹrú tó ń gba Sàhárà kọjá dúró. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Richardson ti ń jà fún un, ó sì sọ pé bí òwò mìíràn tó mówó wá bá wọlé, òwò ẹrú yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ irú ọjà tí wọ́n ń rà ní Kánò àti Bọ̀nú? Ta ló mọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ní láti tà? Wọ́n nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń béèrè, tó sì mọ bí a ṣe ń kọ ìdáhùn sílẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Berlin, Ritter sì dárúkọ Barth. Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn tó ń jẹ́ Adolf Overweg bá wọn lọ.

Wọ́n kúrò ní Tripoli níparí oṣù kẹta ọdún 1850. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Barth fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó fẹ́ gun òkè kan nítòsí Ghat, òun nìkan ló lọ, omi rẹ̀ sì tán. Ó sọnù nínú oòrùn. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ débi pé ó gé iṣan ara rẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ rin ẹnu. Ọkùnrin Tuareg kan tó gun ràkúnmí ló rí i, tó fún un lómi. Ká ní ọkùnrin yẹn kò gba ibẹ̀ kọjá ni, ìtàn ìbá ti parí síbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1851, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pínyà, kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, kí wọ́n sì pàdé ní Kúkáwá, olú ìlú Bọ̀nú. Richardson kò dé ibẹ̀. Ó kú lójú ọ̀nà ní oṣù kẹta. Barth ní tirẹ̀ forí lé Kánò.

ÒYÌNBÓ TÍ KÒ LÓWÓ LỌ́WỌ́ NÍ KÁNÒ

Ní oṣù kejì ọdún 1851, Barth wọ Kánò. Kò wọ ọ́ bí olówó. Ẹrù díẹ̀ tó kó wá láti tà kò pa iye tí wọ́n sọ fún un pé yóò pa. Owó ẹyọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ nínú ilé kan tó ṣókùnkùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kó ẹrù lọ sí ọjà òkèèrè rí, tẹ́ ẹ débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé owó ọjà ti já, ẹ mọ bó ṣe ń ṣeni.

Bóyá ìyẹn gan-an ló la ojú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó jáde lọ sọ́jà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó ṣírò pé ará Kánò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, ìyẹn 30,000, pé láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin tí òwò bá gbóná, àwọn àlejò máa ń sọ ọ́ di 60,000. Ó rí i pé aṣọ aláró ni òpó ọjà náà. Àwọn ará Kánò ń hun ún, wọ́n ń pa á láró, wọ́n ń lù ú títí yóò fi máa dán, ó sì ń lọ dé Tripoli níhà àríwá, ó ń lọ dé Tìmbúkútù níhà ìwọ̀ oòrùn.

Báwo ló ṣe mọ iye rẹ̀? Kò sí ọ́fíìsì kankan tó ń ka ẹrù. Ó bi àwọn tó ń di ẹrù ràkúnmí, ó bi àwọn tó ń rà, ó bi àwọn tó ń tà. Ó gbọ́ pé ẹrù ràkúnmí tó tó 300 ló ń lọ sí Tìmbúkútù nìkan lọ́dún kan. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní aṣọ tó ń jáde láti Kánò lọ́dún tó owó ẹyọ 300 mílíọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká fi owó àwọn baba wa ṣírò rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàáwàá ẹyọ, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ 15,000 nìyẹn.

Iye tó tóbi bẹ́ẹ̀ kì í yé èèyàn bí a kò bá fi nǹkan mìíràn wé e. Barth mọ èyí, nítorí náà ó béèrè iye tí ìdílé kan ń ná. Wọ́n sọ fún un pé ẹyọ 50,000 sí 60,000 lè bọ́ ìdílé kan lọ́dún, kó sì tún wọ̀ wọ́n láṣọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òwò aṣọ Kánò tó láti bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé.

Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé iṣẹ́ náà kò kó èèyàn jọ sínú ilé iṣẹ́ ńlá bíi ti Yúróòpù. Inú agboolé ni wọ́n ti ń ṣe é, tọkọtaya àtọmọ, ó sì gbà pé ìyẹn sàn fún àwọn èèyàn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tirẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba òyìnbó ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Kò fi ojú fo ohun tó ń wọlé. Aṣọ funfun láti Manchester wà lọ́jà. Ìlẹ̀kẹ̀ láti Venice wà níbẹ̀. Irin idà láti Solingen ní Jámánì wà níbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ Kánò ló ń fi èèkù sí i. Obì gbànja, tí orúkọ rẹ̀ fi ilẹ̀ Gonja hàn, ń bọ̀ láti apá ibi tó ń jẹ́ Gánà lónìí. Ọ̀nà obì yẹn ló ń la ilẹ̀ Borgu kọjá, tó sì mú kí àwọn Wangara àti Haúsá tẹ̀dó sí Nikki, Djougou àti Parakou. Àwọn tó ń gbé Zongo lónìí mọ ìtàn yẹn nílé wọn.

Ohun kan tún yà á lẹ́nu. Níhà etí òkun, àwọn èèyàn máa ń sin owó ẹyọ sókùn kó lè rọrùn láti kà, bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń sin ogójì ogójì. Ní Kánò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni owó ẹyọ wà, wọ́n á jókòó ti òkìtì rẹ̀, wọ́n á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Bí òwò bá tóbi, kíkà owó nìkan lè gba odindi ọjọ́.

Kí Barth tó dé, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton ti dé Kánò lọ́dún 1824, ó sì ti ṣàkọsílẹ̀ àṣà kan níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọjà máa ṣe. Alárinà tó bá bá ènìyàn ta aṣọ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìdì náà. Bí oníbàárà bá gbé e dé Bọ̀nú tó tú u, tó rí i pé kò dára, ó lè dá a padà. Alárinà náà ló máa wá ẹni tó tà á, ẹni yẹn á sì dá owó padà. Ẹ ò rí i pé kí òyìnbó tó dé ni àwọn ọlọ́jà wa ti mọ ìwúlò àkọsílẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń YẸ Ọ̀RỌ̀ WÒ

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bi ènìyàn kan ṣoṣo lè ṣìnà. Barth mọ ìyẹn. Bó bá gbọ́ nípa ọ̀nà kan lẹ́nu oníṣòwò, ó máa dúró dìgbà tó bá rí arìnrìn-àjò Mẹ́kà, tàbí ẹrú tó ti ibẹ̀ wá, tàbí àáfáà kan, yóò tún béèrè. Ìrìn ọjọ́ mélòó ni? Odò wo lẹ kọjá? Ta ló ń gba owó ibodè? Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti bára mu ló máa fọkàn sí jù. Ibi tí kò bá bára mu, á kọ méjèèjì sílẹ̀.

Láti lè ṣe èyí, ó kọ́ èdè. Yàtọ̀ sí Lárúbáwá, ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Kànúrí, ó kọ́ Fúlàní, ó tún kọ́ èdè Songhai àti ti àwọn Tuareg. Ó kíyè sí i pé ìdáhùn tí ọlọ́jà fún ènìyàn ní èdè ara rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ògbufọ̀ sọ.

Kò sì rò pé Berlin nìkan ni àwọn ọ̀mọ̀wé wà. Ní Bagirmi, tó wà ní ilẹ̀ Chad lónìí, ó bá Faki Sambo pàdé, àgbà àáfáà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ti ka ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìsì ní èdè Lárúbáwá. Ó jókòó tì í lójoojúmọ́. Ní Gwandu lọ́dún 1853, ó rí Tarikh al-Sudan, ìwé ìtàn ìjọba Songhai, ó sì da àwọn apá kan nínú rẹ̀ kọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni Yúróòpù ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ o. Ní Bagirmi kan náà, wọ́n fura sí i, wọ́n sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó ń kọ gbogbo nǹkan tó rí sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ rántí ìbéèrè yẹn. A óò padà sí i.

ÌWÉ KAN TÓ GBÉ ỌKỌ̀ OJÚ OMI WÁ

Ní oṣù kẹfà ọdún 1851, Barth lọ sí Yola. Kí ó tó débẹ̀, ó dé etí odò Benue, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé odò yìí ni ó lọ bá odò Ọya. Gómìnà Yola kò gbà á láyè láti pẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ló lò. Ṣùgbọ́n ó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí London pé odò ńlá kan wà tí ọkọ̀ lè gbà wọ àárín ilẹ̀ náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò. Macgregor Laird, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi tó sì ń ṣòwò, kan ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Pleiad. Lọ́dún 1854 ọkọ̀ náà wọ odò Ọya, ó sì gba Benue lọ, Dókítà Baikie ni olórí. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ọkọ̀ náà: Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tó di àlùfáà, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà ń lo oògùn kuníìnì, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tí ibà pa. Ṣáájú ìgbà yẹn, ibojì òyìnbó ni wọ́n ń pe odò náà. Láti 1857 ni Laird ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ òwò lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́ pẹ̀lú àdéhùn ìjọba, ó sì dá ibùdó òwò sílẹ̀ ní Ọ̀nítṣà àti àwọn ibòmíràn.

Barth fúnra rẹ̀ kò rí Pleiad. Overweg ti kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1852 nítòsí adágún Chad, ó wá ku òun nìkan. Ó lè padà sílé nígbà náà, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Dípò bẹ́ẹ̀ ó kọjú sí Tìmbúkútù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1853 ó sọdá odò Ọya ní Say, lókè odò sí Malanville wa. Ní oṣù kẹsàn-án ó wọ Tìmbúkútù, ó ń jẹ́ Abd el Karim. Àwọn kan fẹ́ lé e jáde, àwọn kan fẹ́ pa á. Ṣéìkì Ahmad al-Bakkay ló dáàbò bò ó fún oṣù púpọ̀, tó fi orúkọ àti ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún àlejò náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí onílé ṣe máa ń dúró fún oníṣòwò àlejò ní Zongo, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Wọ́n tilẹ̀ ti sọ ní Bọ̀nú pé Barth ti kú, wọ́n sì ti kó ẹrù rẹ̀ kan. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1854 ló bá òyìnbó mìíràn, Eduard Vogel, pàdé nínú igbó. Ó tó ọdún méjì tó ti rí òyìnbó kẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1855 ó dé Tripoli, oṣù tó tẹ̀ lé e ló dé London.

ÌWÉ TÓ WÚWO, ÈRÈ TÓ FÚYẸ́

Láàárín ọdún 1857 sí 1858, ó tẹ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní apá márùn-ún, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ó lé ní 3,000 ojú ewé. Ọjà, owó ibodè, ọ̀nà, ìtàn àwọn ọba, orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ fún un, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn kò rà á bí wọ́n ṣe ń ra ìwé àwọn arìnrìn-àjò mìíràn. Kò sí ìtàn ọdẹ àti kìnnìún níbẹ̀. Wọ́n ní ó gùn jù, ó sì gbẹ.

Àwọn kan nílùú London tún bẹnu àtẹ́ lù ú nítorí òwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Barth ti bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bọ̀nú lọ sí ilẹ̀ Musgu níparí ọdún 1851, níbi tí wọ́n ti kó èèyàn lẹ́rú, tí wọ́n sì pa àwọn ọkùnrin lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ nínú oúnjẹ àwọn tó ṣe é. Nínú ìṣirò ọjà Kánò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ àti obì, ó kọ ọ́ pé ẹrú tí wọ́n ń kó jáde níbẹ̀ lọ́dún kò ju 5,000 lọ. Èèyàn ni iye yẹn. Ẹni tó bá ń ka ọjà gbọ́dọ̀ máa rántí pé nígbà mìíràn ẹ̀mí ló ń kà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Dorugu àti Abbega, tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí tí wọ́n sì ti dòmìnira, bá a lọ sí Yúróòpù. Dorugu ló ran J. F. Schön lọ́wọ́ láti kọ ìwé nípa èdè Haúsá. Nípasẹ̀ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n tà lọ́jà rí di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ohun tó dun Barth jù ni ọ̀rọ̀ al-Bakkay. Ó ti bá ṣéìkì náà ṣètò àdéhùn ọ̀rẹ́ àti òwò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí ó bàjẹ́ sílẹ̀, wọn kò fẹ́ bínú sí Faransé. Ọ̀rọ̀ tí Barth fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó gbà á là di ọ̀rọ̀ asán.

Ó padà sí Berlin. Lọ́dún 1863 wọ́n fún un ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò kíkún tó ń retí. Kò níyàwó, kò bímọ. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1865 ni àìsàn inú pa á. Ẹni ọdún 44 ni.

TA LÓ JẸ ÈRÈ ÌMỌ̀ NÁÀ?

Barth fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ọba ilẹ̀ wa ṣe àdéhùn bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tó kú tí nǹkan yí padà. Àwọn ilé iṣẹ́ òwò gba ojú odò Ọya. Ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun Dahomey láàárín 1892 sí 1894. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1894, Lugard tó ń ṣojú fún Gẹ̀ẹ́sì àti Decoeur tó ń ṣojú fún Faransé sáré lọ sí Nikki, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ gba ìwé àdéhùn ṣáájú èkejì. Lọ́dún 1898, wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀, Nikki àti Parakou bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà yẹn ni àwọn oníṣòwò wa ń sọdá títí dòní, tí wọ́n ń san owó fún un.

A kò lè di gbogbo ẹrù yẹn lé Barth lórí. Òun kọ́ ló gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó gbà lẹ́nu àwọn ọlọ́jà Kánò, ti àwọn aṣáájú ọ̀nà àti ti àwọn àáfáà, ìlú òkèèrè ló lọ. Àwọn tó sọ̀rọ̀ fún un kò rí ìwé náà, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kò yé wọn, wọn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jíròrò ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Ìdí rèé tí ìbéèrè àwọn ará Bagirmi fi tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kò tọ́. Ìyá ọlọ́jà tó bá bi akẹ́kọ̀ọ́ lónìí pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, kò ṣàfojúdi. Ó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, bí Barth kò bá béèrè, kí là bá mọ̀? Ta ni ìbá sọ fún wa lónìí pé aṣọ tí a hun nílẹ̀ wa ló wọ aṣálẹ̀ já, tó sì ń figagbága pẹ̀lú ti Manchester? Ìmọ̀ tó wà nínú orí nìkan máa ń bá orí lọ sínú ilẹ̀. Àkọsílẹ̀ ló ń dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, ẹ kọ́ ohun mẹ́ta lára ọkùnrin yìí: ẹ gbọ́ èdè ọjà, ẹ má gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ yín bó bá gbà kẹ́ ẹ kọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì ṣe ẹyọ kan tí kò ráyè ṣe: ẹ padà wá sọ́jà, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún àwọn tó fún yín ní ọ̀rọ̀, lédè tó yé wọn.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa lọ́jà, bí wọ́n bá tún mú bébà wá, ẹ bi wọ́n ní tiyín kí ẹ tó dá wọn lóhùn: ta ló rán yín, ta ló máa kà á, ọjọ́ wo lẹ̀ ń bọ̀ wá sọ àbájáde rẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn dáadáa, ẹ fún un ní àpótí kó jókòó.